Ọpọ́n Ayò Tí Ojú Kò Tó

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn ọ̀dọ́ àtàwọn òbí ní Adó-Èkìtì ní ọ̀sán Sátidé kan nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣe é kà.

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìnáwó dátà. Ẹ má bínú pé a pẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà gbọ́ bí jẹnẹrétọ̀ ṣe húkọ́ títí kó tó dìde.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan wá síbí torí wọ́n rò pé mo máa sọ fún ọmọ wọn pé kó pa géèmù tì, kó lọ kàwé. Mi ò ní sọ ọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni àwọn tó ń ṣọ́ géèmù: àwọn tó ń dájọ́, tó ń lé èèyàn jáde, tó ń dáhùn ẹ̀dùn ọkàn ní òru. Bí wọ́n bá ṣe ń darí àwọn yẹn ni ìlú inú géèmù ṣe máa rí. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ó ti ná mi ní ọ̀rẹ́ kan, nítorí náà mo máa sọ ọ́ dáadáa.

Ní agbo ilé bàbá mi ní Ìkéré, igi ọdán kan wà tí wọ́n ń ta ayò lábẹ́ rẹ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48, èèyàn méjì, òǹwòran tí kò lóǹkà. Mi ò rí adájọ́ níbẹ̀ rí. Kí la fẹ́ fi adájọ́ ṣe? Ọpọ́n wà ní gbangba. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ọgbọ́n mú ọmọ ayò kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ojú mẹ́wàá ló máa rí i, ẹnu mẹ́wàá á sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi máa délé.

Géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpọ́n rẹ̀ wà níbi tí ojú kò tó. Kọ̀ǹpútà kan ní ìlú òyìnbó ló gbé e dání, èèyàn bíi mélòó kan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Àwọn yẹn lè fi ọmọ ayò kún ihò ọ̀rẹ́ wọn láìsí ẹni tó rí ọwọ́ wọn. Gbogbo ìjà tí mo ti rí lórí sáfà, ìyẹn irú kọ̀ǹpútà tó gbé géèmù dání yẹn, bí o bá wá ìdí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ lo máa bá a.

Kí n ṣàlàyé fún àwọn àgbà. Ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní RP, ìyẹn roleplay, ìlú kan ni nínú kọ̀ǹpútà, tó ní títì, bánkì, ọsibítù àti àgọ́ ọlọ́pàá. Bí o bá wọlé, wàá mú orúkọ mìíràn, wàá mú iṣẹ́. Ẹnì kan á ní òun ni dókítà, ẹnì kan á ní mẹkáníìkì lòun, ẹlòmíì á ní olè lòun. Wọ́n á wá máa bá ara wọn gbé. Kò sẹ́ni tó ń gba ife ẹ̀yẹ. Adùn rẹ̀ ni pé gbogbo yín jọ gbà láti gba irọ́ kan gbọ́ fún wákàtí mẹ́ta. Ọmọ ọdún 18 lè kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí olùkọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ níbẹ̀, olùkọ́ á sì máa bẹ̀ ẹ́, á máa pè é ní ọ̀gá. Àwọn ará ibòmíì máa ń fi àwa Èkìtì ṣẹ̀fẹ̀ pé a kì í mọ "ẹ" lò fún àgbà. Ẹ wá sórí sáfà, gbogbo ayé ló ti di Èkìtì níbẹ̀.

Nǹkan náà ti pẹ́. Ní 1978, Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ sí í kọ géèmù kan tó ń jẹ́ MUD ní yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Bartle sì bá a kọ ọ́ títí tó fi di odindi. Kò ní àwòrán rárá, ọ̀rọ̀ kíkà lásán ni. Ẹni tó bá ta á títí tí máàkì rẹ̀ fi pọ̀ tó á di wizard, wọ́n á sì fún un ní agbára tí àwọn yòókù kò ní. Mo gbà pé ibẹ̀ ni àṣà kan ti bẹ̀rẹ̀ tó ń yọ wá lẹ́nu títí dòní: ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù la máa ń fi ṣe adájọ́. Lábẹ́ igi ọdán wa, gbogbo èèyàn ló mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀ta, kò sì sẹ́ni tó ní kó wá máa pín ọmọ ayò fún àwọn tó ń bá a ta á.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń lo FiveM lónìí láti fi ta RP, èyí tí wọ́n gbé lé orí géèmù GTA V. Rockstar tó ni GTA kéde ní oṣù kẹjọ 2023 pé àwọn tó ṣe FiveM ti di ara òun. Ṣùgbọ́n Rockstar kọ́ ló ń parí ìjà yín ní aago méjì òru. Ẹni tó ya sáfà ni, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ tó pín kọ́kọ́rọ́ fún. Ẹ mọ̀ wọ́n: ádímìn, mọ́dì, ẹni tó ń dáhùn tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹ̀sùn tí ọ̀tayò bá kọ wọlé. Òmíì nínú wọn wà nínú gbọ̀ngàn yìí, mo ti rí wọn, wọ́n ń wolẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé o. EVE Online ni géèmù ọkọ̀ ojú sánmà tí ilé iṣẹ́ CCP ní Iceland gbé jáde ní 2003. Àwọn tó ń ta á máa ń kóra jọ sí ẹgbẹ́ ńláńlá, wọ́n á ja ogun kan fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní 2007, ọ̀tayò kan tú àṣírí pé òṣìṣẹ́ CCP kan, tí orúkọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ń jẹ́ t20, ti fi ipò rẹ̀ kó àwọn blueprint tó ṣọ̀wọ́n, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi ń kan nǹkan nínú géèmù, fún ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Band of Brothers ni ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì wà lára àwọn tó lágbára jù nígbà yẹn. Blueprint mélòó kan kò tó ohun tó lè yí ogun padà. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, kò sí ogun kan tí ẹgbẹ́ yẹn ti ṣẹ́ rí tí wọn ò tún yẹ̀ wò. Ẹni tó fi òógùn rẹ̀ jà, wọ́n ní ojúsàájú ló gbè é. Ẹni tó fìdí rẹmi torí kò mọ ogun jà, ó ní òun kúkú ti mọ̀. Ojúsàájú òṣìṣẹ́ kan ló sọ eré ọdún mélòó kan di irọ́ lójú àwọn tó fi ọkàn ṣe é.

Ohun tí CCP wá ṣe wù mí. Wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn. Ní 2008 wọ́n jẹ́ kí àwọn ọ̀tayò dìbò yan ìgbìmọ̀ kan, Council of Stellar Management, wọ́n sì ń fi bàálù gbé wọn wá sí Reykjavík láti wá bá àwọn ọ̀gá jókòó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, Ìwàrẹ̀fà ni mo rántí. Ọba ló ni adé, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́fà wà níwájú rẹ̀ tí wọn ò ní bá a pọ́n ọn lá bó bá ṣìwà hù.

Ṣé ìgbìmọ̀ wá tán gbogbo wàhálà? Rárá o. Ní oṣù kẹfà 2011, ìwé ìròyìn abẹ́lé tí àwọn òṣìṣẹ́ CCP ń kà láàárín ara wọn bọ́ síta. Ohun tí wọ́n ń jíròrò nínú rẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n lè gbà máa ta ọjà inú géèmù fún àwọn ọ̀tayò, bẹ́ẹ̀ inú ti ń bí àwọn yẹn tẹ́lẹ̀ torí awò ojú kan ṣoṣo tí wọ́n ń tà ní iye tó ju dọ́là 60 lọ, tí kò wúlò fún nǹkan kan ju fáàrí lọ. Àwọn ọ̀tayò kó ọkọ̀ wọn lọ sí Jita, níbi tí ọjà tó tóbi jù nínú géèmù wà, wọ́n ń yìnbọn lu ère ńlá tó wà níbẹ̀. Ère náà kò lè wó. Wọ́n mọ̀. Wọ́n ń yìn ín náà ni. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ọ̀gá àgbà CCP, Hilmar Pétursson, kọ̀wé pé òun ló ṣìṣe. Láàárín oṣù yẹn kan náà ni wọ́n dá nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún òṣìṣẹ́ wọn dúró. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú yàrá ló jáde yẹn o. Kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ tọwọ́ bọ géèmù fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tiwa. Mi ò ní dárúkọ sáfà, mi ò ní dárúkọ èèyàn.

Ìwòròkò ni mò ń gbé nígbà náà, yàrá kan, fáànù kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tí mo fi ṣéènì so mọ́ fèrèsé kí wọ́n má baà jí i. Èmi ni olórí àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó ni sáfà wà ní Kánádà, ó ń sanwó ibẹ̀ lóṣooṣù, kì í wọlé.

Lóru ọjọ́ kan, aago méjì ti kọjá, tíkẹ́ẹ̀tì kan wọlé. Ọmọbìnrin kan ló kọ ọ́. Dókítà ni lórí sáfà, ó ti ń wa áńbúláǹsì fún bí oṣù mẹ́jọ, ohùn pẹ̀lẹ́ ló ní, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ó ní àwọn adigunjalè dá òun lọ́nà, òun sì na ọwọ́ méjèèjì sókè bí òfin ṣe wí, ṣùgbọ́n wọ́n yìnbọn pa òun láìsọ gbólóhùn kan. Òfin wa kò gba ìyẹn láàyè. Ó fi fídíò sí i, kò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Mo wò ó. Bó ṣe wí ló rí. Mo sì gbọ́ ohùn ẹni tó yìnbọn, tó ń rẹ́rìn-ín: ádímìn wa ni, ọ̀rẹ́ mi, tó máa ń bá mi ra epo jẹnẹrétọ̀.

Kí n tó mọ ohun tí màá kọ, òun alára ti dá tíkẹ́ẹ̀tì náà lóhùn. "Lọ ka òfin." Ó pa á dé.

Mo rí i. Mo ní màá bá a sọ ọ́ láàárọ̀. Láàárọ̀, mo ní ìdánwò. Nígbà tí mo fi máa ti ìdánwò dé, ó ti ra epo wá.

Ọmọbìnrin náà kò pariwo. Ó tún wọlé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà a ò rí i mọ́. Àwa ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ti lọ, àfìgbà tí àwọn tó fara pa bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sójú títì láìsí ẹni tó máa gbé wọn. Àwọn tó ń ṣe ọlọ́pàá ní eré ti sú àwọn, ta ni wọ́n fẹ́ máa gbá mú nígbà tí kò sí ọsibítù? Àwọn mẹkáníìkì bá tẹ̀ lé wọn. Sáfà tó ń gba nǹkan bí èèyàn 60 lálẹ́ Sátidé wá di ibi tí ádímìn márùn-ún ti ń fi mọ́tò lé ara wọn kiri, mọ́tò tí wọ́n fi agbára ṣe fún ara wọn, lójú títì tó dá páropáro. Ẹ máa ń gbọ́ pé àwọn aláriwo ló ń ba sáfà jẹ́. Mi ò gbà. Aláriwo á jà, á bú yín, á padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tó dákẹ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Nígbà tí mo wá ko ọ̀rẹ́ mi lójú, ó wò mí, ó ní, "Ṣé torí ọmọ yẹn ni? Èló lò ń san fún mi?"

Ó dùn mí, torí òótọ́ wà níbẹ̀. A kì í sanwó fún un. Gbogbo wa kì í gbowó. Ohun tí a fi ń san owó iṣẹ́ rẹ̀ ni agbára: àwọ̀ orúkọ tó yàtọ̀, mọ́tò ọ̀fẹ́, ẹ̀rù tó ń ba àwọn ọmọ tuntun bí wọ́n bá rí i. Ẹni tí o bá fi agbára san owó fún, kí lo rò pé ó máa ná?

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ rí i. Ultima Online, géèmù kan tó jáde ní 1997, ní àwọn olùrànlọ́wọ́ tí kì í gbowó, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ran àwọn ọ̀tayò lọ́wọ́. Ní 2000, àwọn kan nínú wọn pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ pé iṣẹ́ gidi làwọn ṣe, owó iṣẹ́ sì tọ́ sí àwọn. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́rùn AOL, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, ṣáájú, látọwọ́ àwọn tó ń ṣọ́ yàrá ìtàkùrọ̀sọ rẹ̀. 2010 ló tó parí, mílíọ̀nù 15 dọ́là ni AOL fi parí rẹ̀. Èmi ò ní kí ẹ̀yin ọmọ Adó tó ya sáfà pẹ̀lú owó kátíkátí máa san owó oṣù. Ẹ ò lè san án. Ṣùgbọ́n ẹ wá nǹkan mìíràn fún wọn: ìsinmi tó ní ọjọ́, ọpẹ́ tí gbogbo ìlú gbọ́, ẹni tó máa di ipò wọn mú bí ìdánwò bá dé. Kí ẹ má fún wọn ní mọ́tò ọ̀fẹ́. Ẹ wo búkà oníyán: oníbàárà lè fara da ẹran kékeré, àmọ́ bó bá rí i pé ọmọ tó ń bu ọbẹ̀ ń yọ ẹran sábẹ́ iyán fún ọ̀rẹ́ tirẹ̀, ọ̀la ló máa jẹun ní òdìkejì títì.

Ẹ ti rí i pé mi ò tíì fọwọ́ kan ẹni tó wà ní Kánádà. Èèyàn rere ni. Èrò rẹ̀ ni pé kí àwọn ọ̀tayò àti àwọn ádímìn yanjú ọ̀rọ̀ ara wọn. Àwọn kan ti gbìyànjú ẹ̀ wò ṣáájú rẹ̀. LambdaMOO ni ìlú ọ̀rọ̀ kíkà tí Pavel Curtis dá sílẹ̀ ní 1990 ní ibi ìwádìí Xerox ní California. Ní oṣù kejìlá 1992, ó kéde pé àwọn wizard kò ní dá sí ìjà àwọn ará ìlú mọ́, iṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ló kù tí wọ́n máa ṣe. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò kọ̀ǹpútà àti ọ̀rọ̀ kíkọ bá àwọn ọ̀tayò kan lò ní ìlòkulò níwájú gbogbo èèyàn ní gbọ̀ngàn ìlú náà. Àwọn ará ìlú ṣèpàdé, ẹnu wọn kò kò, wizard kan bá dá lọ pa orúkọ ẹni náà rẹ́ láìbi ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n dá ìdìbò sílẹ̀. Ní 1996, àwọn wizard tún kéde pé àwọn ń padà bọ̀, torí pé kò sí ìgbà kan tí ọwọ́ wọn kúrò níbẹ̀ ní ti tòótọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lápò rẹ, tí o ní o ò dá sí i, o ti dá sí i. Ọba tó wọ ààfin lọ, tó tilẹ̀kùn, àwọn ẹmẹ̀wà̀ rẹ̀ ló máa jọba.

Mo ṣe àṣìṣe kan sí i, kí ẹ̀yin má bàa ṣe é. Mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù WhatsApp àwọn òṣìṣẹ́ pé tó bá di ọ̀la, màá gba agbára lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Tó bá di ọ̀la! Kí àkùkọ tó kọ, ó ti pa gbogbo chánẹ́ẹ̀lì wa rẹ́ lórí Discord, níbi tí àwa àti àwọn ọ̀tayò ti ń bára wa sọ̀rọ̀, ó sì ti lé gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bà. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ná, lẹ́yìn náà kí ẹ jókòó sọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Àwọn ńlá náà kì í mọ̀ ọ́n ṣe. Ní oṣù kejì 2019, Activision Blizzard, ilé iṣẹ́ tó ni géèmù World of Warcraft, dá nǹkan bí òṣìṣẹ́ 800 dúró, àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn sì wà lára wọn, lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n ń yangàn pé ọdún 2018 ni owó tó wọlé fún àwọn pọ̀ jù. Mo mọ àwọn tó ń ta World of Warcraft ní ìlú yìí tí wọn ò tíì gbàgbé ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n lé.

Mo tún fẹ́ràn ti géèmù Final Fantasy XIV. Wọ́n gbé e jáde ní 2010, ó bàjẹ́ débi pé ẹni tó ń darí rẹ̀ fi ipò sílẹ̀, wọ́n fi Naoki Yoshida rọ́pò. Ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀tayò lemọ́lemọ́, ó ń sọ ohun tó bàjẹ́ àti ohun tí wọ́n ń tún ṣe. Wọ́n pa ògbólógbòó ẹ̀ dé ní 2012, tuntun jáde ní oṣù kẹjọ 2013, èèyàn sì kún un títí dòní. Orúkọ kan náà ló ṣì ń jẹ́.

Sáfà tí mo ń bójú tó báyìí kéré. Gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ bá fi agbára ṣe, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sí chánẹ́ẹ̀lì kan tí gbogbo ọ̀tayò lè kà: ẹni tó ṣe é, aago tó ṣe é, ìdí tó fi ṣe é. Ọpọ́n ti wà lábẹ́ igi ọdán nìyẹn. Òṣìṣẹ́ kì í dájọ́ níbi tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ bá wà, ẹni méjì ló sì ń fọwọ́ sí i kí a tó lé ẹnikẹ́ni. Ó máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Wọ́n ń bú wa pé a ti di sẹkitéríàtì.

Nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo wá ọmọbìnrin tó ń wa áńbúláǹsì rí. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dáhùn. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí fídíò yẹn, mo ní ọ̀rẹ́ mi kò ṣe dáadáa sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Mo rí i pé orúkọ yín wà lára àwọn tó ti ka tíkẹ́ẹ̀tì náà."

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo bi í bóyá ó lè máa bá wa ka ìwé àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní gbogbo alẹ́ Sunday, kó máa bi wọ́n léèrè ohun tí kò bá yé e. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní gba àwọ̀ orúkọ kankan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó rí i pé mo ṣe mọ́tò pupa kan jáde ní aago kan òru, mi ò sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Mo ní mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá bíréèkì tuntun ń ṣiṣẹ́ ni. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n fi fídíò bíréèkì náà sí i. Mo ti kọ ọ́. Títí tí mo fi wọ mọ́tò wá síbí láàárọ̀ yìí, kò tíì fọwọ́ sí i.